Iṣẹ́ òru kò jẹ́ kí n lè tẹ̀lé ètò Bíbélì kíkà: báwo ni mo ṣe lè máa kẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fúnra mi?

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ̀yin ará, mo kí yín ní orúkọ Olúwa. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ìlú Ìbàdàn, iṣẹ́ mi sì pín sí òwúrọ̀, ọ̀sán àti òru, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀sẹ̀ kan kì í fi jọ èkejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, mo gba ètò kan tí yóò mú ènìyàn ka Bíbélì tán láàárín ọdún kan. Orí 1,189 ni ó wà nínú Bíbélì, èyí tí ó kan ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ orí mẹ́ta ó lé díẹ̀. Mo ka Gẹ́nẹ́sísì pẹ̀lú ayọ̀, mo la Ẹ́kísódù kọjá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi dé Léfítíkù orí 13, níbi tí a ti fi ẹsẹ 59 sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tẹ̀ àti àbàwọ́n ara, ètò náà ti fi ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú mi. Mo fi ọjọ́ ìsinmi mi kan gbìyànjú láti san gbèsè náà. Orí mẹ́rìnlá ni mo kà lọ́jọ́ náà, nígbà tí ilẹ̀ sì ṣú, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun tí mo kà, n kò ní rí ọ̀rọ̀ kan sọ.

Láti ìgbà náà ni Bíbélì mi ti wà lórí tábìlì. Bí mo bá wò ó, ó dà bí ìgbà tí olówó ẹni bá wá jókòó sínú yàrá ẹni tí kò sì sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, n kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ pé ọjọ́ ìsinmi nìkan, lẹ́nu àlùfáà, ni n ó ti máa gbọ́ ọ. Ǹjẹ́ ọ̀nà kan wà tí ó rọrùn, tí ó sì lè gba irú ìgbésí ayé tèmi yìí, tí kì yóò sì sọ mí di ẹni tí ń fi ojú kan Bíbélì lásán?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ òru. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ aláìsàn nígbà tí ìlú ń sùn, Olúwa yóò máa ṣọ́ ẹ̀yin náà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ṣubú sí ibi tí o ṣubú sí yìí gan-an, nínú Léfítíkù, nínú oṣù kejì ọdún. Má ṣe dá ara rẹ lẹ́bi.

Jẹ́ kí n fi ìtàn ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ìwé Mímọ́ ń dé ọwọ́ àwọn baba ńlá wa ní èdè Yorùbá, kò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé Róòmù tí Àjàyí Crowther túmọ̀ jáde ní 1850, àwọn ìwé mìíràn ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, odidi Bíbélì kò sì pé títí di 1884. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ó wà láàárín. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè ìyá rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ìwé kan tàbí méjì ni ó wà fún un. Ẹni tí ìwé kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀, àkàtúnkà ni yóò kà á, títí yóò fi mọ ibi tí Pọ́ọ̀lù ti mí kanlẹ̀ kí ó tó tẹ̀ síwájú. Orí irú kíkà bẹ́ẹ̀ ni a kọ́ ìjọ ilẹ̀ wa lé.

Nítorí náà, ìwé kúkúrú kan ni kí o mú. Bí èmi bá ni, Fílípì ni n ó fi bẹ̀rẹ̀: orí 4, ẹsẹ 104. Bí o bá kà á sókè láìdúró, kò lè gbà ọ́ ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ní ọjọ́ tí àyè bá gbà ọ́, ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ìgbà tí lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ará ilé, nítorí pé lẹ́tà ni ní tòótọ́. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, ka ìpínrọ̀ kan, bí ẹsẹ márùn-ún sí mẹ́wàá. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá láìkà, ibi tí o dúró sí náà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọjọ́ lára ìwé náà, nítorí náà kò sí gbèsè.

Ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, irú èyí tí ó lè wọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí o máa dáhùn sínú rẹ̀, kí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan má sì ju ìlà méjì lọ. Àkọ́kọ́: ta ni ó ń sọ̀rọ̀, ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀, ipò wo sì ni wọ́n wà? Èkejì: kí ni ibí yìí fi hàn mí nípa Ọlọ́run? Ẹ̀kẹta: kí ni èmi yóò ṣe sí i kí n tó sùn? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, òun gan-an ni ó sì ń gbani lọ́wọ́ àṣìkà. Wo Fílípì 4:13 tí a máa ń kọ sára ọkọ̀ pé a lè ṣe ohun gbogbo nínú Ẹni tí ń fi agbára fún wa. Bí o bá bèèrè ẹni tí ń sọ̀rọ̀, o ó rí i pé ẹni tí ó wà nínú ìdè ni (wo 1:13). Bí o bá ka ẹsẹ 11 àti 12 mọ́ ọn, o ó rí i pé ohun tí ó ń sọ nípa rẹ̀ ni bí a ti ń fara da ebi àti bí a ti ń gbé nínú ọ̀pọ̀ láìgbàgbé Ọlọ́run. Ó ń tu ọkàn nínú ju bí a ṣe máa ń lò ó lọ, ó sì wúlò fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tí ì wọlé.

Ohun kan kù fún àwọn òru tí o bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Sáàmù 120 títí dé 134 ni à ń pè ní Orin Ìgòkè. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì kọjá ẹsẹ mẹ́jọ. Mú ọ̀kan fún òru kọ̀ọ̀kan. Wàá pàdé 121 tí ó ní Ẹni tí ń pa Ísírẹ́lì mọ́ kì í tòògbé, bẹ́ẹ̀ ni kì í sùn. Wàá pàdé 130, níbi tí ọkàn ti ń dúró de Olúwa ju àwọn tí ń ṣọ́nà fún òwúrọ̀ lọ. Èyí tí ó kẹ́yìn, 134, ẹsẹ mẹ́ta péré ni, àwọn ìránṣẹ́ Olúwa tí ń dúró ní ilé rẹ̀ ní òru ni a sì kọ ọ́ sí. N kò mọ ẹlòmíràn tí ó lè yé ju nọ́ọ̀sì lọ.

Nọ́ọ̀sì Òru

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ṣí Sáàmù 134. Mo ti gbọ́ ọ rí nínú ìsìn, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ó ní í ṣe pẹ̀lú òru. Ìbéèrè kékeré kan: bí ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo ní, ṣé kí n kà á ni, àbí kí n gbàdúrà?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Fi ohun tí o kà gbàdúrà. Ka ẹsẹ kan, yí i padà sí Olúwa ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ, kí o sì dárúkọ aláìsàn tí ó wà níwájú rẹ sí i. Nígbà náà, ìṣẹ́jú márùn-ún náà ti ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ tèmi, nítorí pé àwọn tí ó mọ ìwé dáadáa ni ó sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ. Mo ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Èkó sí Ìlọrin, ojú mi kò sì ń ríran dáadáa mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Gbígbọ́ ni èmi fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ mi obìnrin gba Májẹ̀mú Titun tí a kà sókè ní Yorùbá sílẹ̀ sórí fóònù mi, mo sì fi ìwé Máàkù bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo jẹ́ kí ó máa lọ láìdúró. Máàkù ní orí 16, mo sì lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán kí n tó dé Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n bí ọlọ́kadà kan bá ti já wọ iwájú mi, orí méjì a ti kọjá kí ọkàn mi tó padà sídìí rẹ̀. Ohun tí mo wá ń ṣe nísinsìnyí ni pé orí kan ṣoṣo ni mo ń gbọ́ fún ìrìn-àjò kan. Mo máa ń gbọ́ ọ nígbà tí mo bá gbéra, mo tún máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn tí mo bá ti jẹun ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn náà n ó pa fóònù, n ó sì máa sọ ìtàn náà fún ọmọkọ̀ mi bí ẹni pé ojú mi ni ó ṣe. Bí mo bá rí i pé mo gbàgbé ibì kan, ibẹ̀ ni mo máa ń tẹ́tí sí jù nígbà tí a bá ń padà bọ̀.

Láti inú gbígbọ́ léraléra ni mo fi ṣàkíyèsí pé Máàkù fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kan: lójúkan náà, lójúkan náà. Jésù kò jókòó pẹ́ níbì kan. N kò rò pé ǹ bá rí ìyẹn ká ní ojú ni mo fi kà á. Olùṣọ́-àgùntàn wa sì fi ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí ó fi Ìfihàn 1:3 hàn mí, níbi tí a ti súre fún ẹni tí ń kà àti fún àwọn tí ń gbọ́. Ní àkókò àwọn àpọ́sítélì, ẹnìkan ni ó máa ń ka lẹ́tà sókè, ìyókù ìjọ a sì máa gbọ́.

Akàwétán

Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, pàápàá Bàbá Olùkọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí nípa ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ọdún méje rèé tí mo ti ń ka Bíbélì tán lọ́dọọdún, orí mẹ́rin lóòjọ́. Robert Murray M'Cheyne, àlùfáà ìjọ kan ní Dundee ní Scotland, ni ó ṣe ètò tí mo ń tẹ̀ lé fún àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ní 1842. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e yóò ka Májẹ̀mú Láéláé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, yóò sì ka Májẹ̀mú Titun àti Sáàmù lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni èyí: bí a bá fi yíyàn sí ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú Obadáyà, tí kò ju ẹsẹ 21 lọ? Ta ni yóò yan Náhúmù? Ibi tí ó bá dùn mọ́ wa ni a ó máa yàn, a ó sì sọ Ọlọ́run di ẹni tí kì í bá wa wí rárá. Èmi fúnra mi, bí kì í bá ṣe ètò, n kò ní ka Ámósì láéláé, bẹ́ẹ̀ ni Ámósì ni ó mú mi lọ san owó òṣìṣẹ́ kan tí mo ti fi falẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Mo gbà pé ètò le. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi orúkọ ìrọ̀rùn pe ọ̀lẹ.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Arákùnrin mi, inú mi dùn sí ohun tí ẹ sọ nípa Ámósì, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ yín. Òótọ́ ni pé ọwọ́ tí ń yan oúnjẹ fún ara rẹ̀ lè máa yan dídùn nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé M'Cheyne fúnra rẹ̀, nígbà tí ó gbé ètò náà fún ìjọ rẹ̀, kọ́kọ́ ka ewu inú rẹ̀ fún wọn: pé kíkà lè di àṣà lásán, pé ènìyàn lè máa rò pé òun jẹ́ olódodo nítorí pé òun kà á, pé ó lè di kíkà aláìbìkítà, àti pé ó lè di àjàgà tí ó wúwo jù fún àwọn kan. Ohun tí nọ́ọ̀sì yìí sọ fún wa nípa orí mẹ́rìnlá tí ó kà lọ́jọ́ kan wà nínú ewu wọ̀nyẹn. Ẹni tí ó ṣe ètò náà ti rí i ṣáájú.

Ohun tí mo ń ṣe pẹ̀lú àwọn tí mo ń kọ́ nìyí, bóyá ó lè bá ọkàn yín mu. Ní ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ wọn, mo máa ń ní kí wọ́n kọ orúkọ ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínláàádọ́rin sílẹ̀, láti Gẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, láìkọ ọjọ́ sí i. Ìwé tí wọ́n bá kà tán ni wọ́n ń fàmì sí. Lẹ́yìn ìwé méjì tí ènìyàn bá fúnra rẹ̀ yàn, ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò kà rí. Ó lè gba ọdún kan, ó lè gba mẹ́rin. Ìyá àgbà kan láàárín wa lo ọdún mẹ́fà, ó sì fàmì sí Obadáyà pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, Peckham

Ẹ kú ìjíròrò o. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń kọ èyí. Mo fẹ́ sọ nípa ọ̀nà kan tí kò ná wa ní nǹkankan, tí ó sì ti ṣí wa lójú gan-an: kíka ibì kan náà ní èdè méjì. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ọmọ kan a ka ìpínrọ̀ kan ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi a sì ka ibẹ̀ kan náà nínú Bíbélì Yorùbá tí ìyá mi fún mi nígbà tí mo ń bọ̀ wá sí ìlú yìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ń ka Fílípì 2:12. Ọmọkùnrin mi àgbà kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rò pé ẹnì kan ni a ń sọ fún pé kí ó ṣiṣẹ́ ìgbàlà ara rẹ̀ yọrí. Èmi kà á ní Yorùbá: ẹ máa ṣiṣẹ́ ìgbàlà yín yọrí. Ó ní, "Màámi, kí ló dé tí ẹ fi pe 'yín'? Ṣé àgbàlagbà ni?" Ìbéèrè rẹ̀ dára púpọ̀, nítorí pé ní ẹnu wa, ẹnì kan tí a bọ̀wọ̀ fún náà ni à ń pè ní ẹ. Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì tí àwọn òbí wa ń kà, ìwọ ni a máa ń pe ẹnì kan, ìbáà ṣe ọba. Kódà Pétérù pe Jésù ní ìwọ. Nítorí náà, bí a bá rí ẹ̀yin tàbí yín níbẹ̀, àwọn ènìyàn púpọ̀ ni a ń bá wí. Ìjọ kan lódindi, tí wọ́n jùmọ̀ wà ní Fílípì, ni Pọ́ọ̀lù ń sọ fún. Ọ̀rọ̀ náà kan bí wọ́n ṣe ń gbé papọ̀, a sì rí i pé ẹsẹ 14 tí ó sọ pé kí a má kùn, kí a má sì jiyàn, bá a mu wẹ́kú. Ní ilé tí ọmọ mẹ́ta wà, ẹ mọ̀ pé a dúró pẹ́ lórí ẹsẹ 14.

Irú rẹ̀ náà wà ní 1 Kọ́ríńtì 3:16: ẹ̀yin ni tẹ́ḿpìlì Ọlọ́run. Gẹ̀ẹ́sì òde òní fi í pamọ́, Yorùbá fi í hàn. Ó dùn mọ́ mi pé àwọn ọmọ mi, tí wọ́n máa ń rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè tí ń sọ ohun gbogbo pé, rí i pé Yorùbá mọ ohun tí ó kù.

Ọ̀dọ́ Ìjọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀nà tèmi rọrùn ju ti gbogbo yín lọ. Mo máa ń gbàdúrà, n ó ṣí Bíbélì síbikíbi, ẹsẹ tí ojú mi bá kọ́kọ́ bá ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún mi lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́, Jeremáyà 29:11 ni mo ṣí: èrò àlàáfíà, láti fún yín ní ìrètí. Mo gbà pé iṣẹ́ náà ti di tèmi. Wọn kò gbà mí. Láti ìgbà náà, ọkàn mi kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ sí Bíbélì mọ́, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́.

Díákónì Agbègbè

Àbúrò mi, kò sí ohun tí a ó bínú sí. O ṣe dáadáa tí o sọ ọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni ó ní irú ọgbẹ́ yìí tí wọn kò lè sọ. Jẹ́ kí a jọ padà sí Jeremáyà 29, kí a sì bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Bàbá kọ́ wa.

Lẹ́tà ni orí náà. Wòlíì wà ní Jerúsálẹ́mù, ó ń kọ̀wé sí àwọn tí a ti kó ní ìgbèkùn lọ sí Bábílónì. Ní orí 28, wòlíì kan tí ń jẹ́ Hananáyà ti sọ fún àwọn ènìyàn pé láàárín ọdún méjì, ohun gbogbo yóò padà bọ̀ sípò. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, irọ́ sì ni. Jeremáyà wá kọ̀wé pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n bímọ, kí wọ́n sì máa wá àlàáfíà ìlú tí a kó wọn lọ. Ẹsẹ 10 sọ iye ọdún náà: àádọ́rin. Lẹ́yìn èyí ni ẹsẹ 11 tó dé. Wo ọ̀rọ̀ tí ìyá wa ti Peckham sọ, kí o sì rí i pé "yín" ni ó wà níbẹ̀. Àwọn tí yóò kú sí Bábílónì wà lára àwọn tí ó gbọ́ ọ. Ìlérí náà kò ṣákìí, ó gùn ju ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan lọ ni. Bí mo bá wà ní ipò rẹ, ẹsẹ 5 sí 7 ni n ó dì mú báyìí: kọ́ ohun tí o lè kọ́, gbin ohun tí o lè gbìn, wá ire ibi tí o wà.

N kò sọ pé Olúwa kò lè fi ẹsẹ tí ènìyàn ṣí láìròtẹ́lẹ̀ tù ú nínú. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣí ibì kan, fi sùúrù ka òkè rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Rántí pé àwọn nọ́ńbà orí àti ẹsẹ kò sí lára ohun tí wòlíì kọ. Ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá ni a pín Bíbélì sí orí bí a ṣe ní in lónìí, ní 1551 sì ni Robert Estienne fi nọ́ńbà ẹsẹ sí Májẹ̀mú Titun tí ó tẹ̀. Wọ́n wúlò fún wíwá ibì kan, wọ́n sì máa ń já ọ̀rọ̀ sí méjì lẹ́nu ẹni tí kò ṣọ́ra.

Èyí tí kò bá yé ọ lẹ́yìn èyí, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì bi ẹnìkan. Ìwẹ̀fà ará Etiópíà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8 ń ka Aísáyà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, nígbà tí Fílípì ajíhìnrere sì bi í bóyá ó yé e, kò tijú láti sọ pé òun nílò ẹni tí yóò tọ́ òun sọ́nà.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ̀yin ará, ó di ọ̀sẹ̀ méje tí mo ti dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo sì jẹ yín ní ìròyìn. Mo ka Fílípì ní odindi ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àwọn ọjọ́ kan wà tí n kò ka ohunkóhun. Nígbà kan, ọjọ́ márùn-ún gbáko ni. Mo padà sí ibi tí mo dúró sí. Mo ti ka Orin Ìgòkè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tán lẹ́ẹ̀kan ní àwọn òru iṣẹ́ mi, mo sì ti tún wà ní 126.

Lẹ́yìn Fílípì, mo mú Rúùtù. Orí mẹ́rin ni, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ní orí kejì, Rúùtù ní òun yóò lọ pèéṣẹ́ nínú oko. Ìyá ìyá mi tí ó ṣe àgbẹ̀ máa ń lo ọ̀rọ̀ náà, mo sì mọ̀ pé ẹni tí ń pèéṣẹ́ ń ṣa èyí tí àwọn olùkórè fi sílẹ̀ ni. Mo wá bi ara mi ní ìbéèrè àkọ́kọ́ náà: àjèjì ni obìnrin yìí, ará Móábù, báwo ni ó ṣe mọ̀ pé a ó gba òun láyè nínú oko olóko? Atọ́ka tí ó wà létí Bíbélì mi darí mi sí ibì kan. Bàbá, ẹ kò ní gbàgbọ́ ibi tí ó darí mi sí: Léfítíkù 19, ẹsẹ 9 àti 10. Òfin ni pé kí olóko má ṣe kórè dé etí oko rẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò. Ẹsẹ 18 nínú orí kan náà ni a ti pa á láṣẹ pé kí a fẹ́ràn ọmọnìkejì wa bí ara wa. N kò mọ̀ pé inú Léfítíkù ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Bóásì, olóko tí Rúùtù pèéṣẹ́ nínú oko rẹ̀, kàn ṣe ju ohun tí òfin wí lọ ni, nítorí pé ó ní kí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fa díẹ̀ yọ sílẹ̀ fún un.

Nítorí náà, mo padà sí orí 13 tí ó lé mi sá. Mo kà á bí nọ́ọ̀sì. Àlùfáà yẹ ara aláìsàn wò, kò yára dájọ́, ó sé e mọ́ ní ọjọ́ méje, ó tún padà wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ keje, ó ń wò ó bóyá àbàwọ́n náà ràn tàbí kò ràn. Irú ohun tí à ń ṣe nìyẹn, tí a sì ń kọ ọ́ sínú ìwé aláìsàn. Ẹsẹ 45 àti 46 ni ó wá dùn mí, níbi tí ẹni náà yóò ti máa kígbe pé aláìmọ́ ni òun, tí yóò sì máa dá gbé lẹ́yìn ibùdó. Mo ti tọ́jú àwọn aláìsàn tí àwọn ará ilé wọn kò fẹ́ fọwọ́ kàn.

Akàwétán

Arábìnrin, mo ti ka orí yẹn lẹ́ẹ̀méje, n kò sì rí ohun tí ẹ rí. Kí ẹ tó ka Rúùtù orí 4, ẹ kọ́kọ́ ka Léfítíkù 25:25 nípa ìbátan tí ó ń ra ilẹ̀ padà fún arákùnrin rẹ̀ tí ó di tálákà. Èmi pẹ̀lú ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Orí mẹ́rin lóòjọ́ náà ni mo ṣì ń kà, ṣùgbọ́n n kì í pa Bíbélì dé mọ́ láìkọ ìlà méjì sílẹ̀.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ ẹni tí a kò fẹ́ fọwọ́ kàn yẹn mú mi dá ọkọ̀ dúró kí n lè kọ èyí. Ní ìparí Máàkù orí 1, adẹ́tẹ̀ kan wá bá Jésù, ó kúnlẹ̀, ó ní bí ó bá fẹ́, ó lè sọ òun di mímọ́. Ẹ fetí sí bí ó ṣe tò ó: Jésù ṣàánú rẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀, ó fi kàn án, lẹ́yìn náà ni ó tó sọ pé òun fẹ́. Ó fọwọ́ kàn án kí ara rẹ̀ tó dá. Mo ti gbọ́ orí náà bí ìgbà mẹ́wàá, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí fífọwọ́kàn yẹn jẹ́ títí ẹ fi sọ ti òde ibùdó.

Mo ní ìbéèrè kan. Ní ẹsẹ 44, Jésù ní kí ó lọ fi ara rẹ̀ han àlùfáà, kí ó sì rú ẹbọ tí Mósè pa láṣẹ. Kí ni Mósè pa láṣẹ níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Òru

Ó wà nínú Léfítíkù orí 14, èyí tí ó tẹ̀ lé ibi tí mo ti dúró. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni: àlùfáà ni yóò jáde lọ sí ẹ̀yìn ibùdó láti pàdé ẹni náà, ẹyẹ alààyè méjì sì wà níbẹ̀ tí ọ̀kan yóò kú, tí a ó sì jẹ́ kí èkejì fò lọ sí pápá. Òru ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́la. N ó ka ìyókù ní agogo mẹ́ta tí wọ́ọ̀dù bá ti dákẹ́, n ó sì kọ ohun tí mo bá rí síbí fún yín.